Idà Àwọn Fang, Láti Libreville Dé Bitam

Ẹni tó bá ń wá idà kúkúrú àwọn Fang lónìí, Yúróòpù ni wọ́n máa kọ́kọ́ júwe fún un. Ní Paris àti Brussels, àwọn oníṣòwò nǹkan àtijọ́ ń tà á ní gbàǹjo, Musée du quai Branly tí wọ́n ṣí ní Paris lọ́dún 2006 náà sì kó irú rẹ̀ pamọ́. Àwọn tó ni ín ńkọ́? Inú igbó kìjikìji ni wọ́n wà, ní gúúsù Kamẹrúùnù, ní Río Muni tí í ṣe apá orí ilẹ̀ Equatorial Guinea, àti ní àríwá Gàbọ̀n. Gàbọ̀n ni mo bá lọ. Àwòrán idà wọ̀nyí tí mo ti rí nínú ìwé kò lóǹkà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ wọn kò sì yàtọ̀ síra: ohun ìjà, ogun, ìwà ẹhànnà. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára idà yẹn á mọ̀ pé ẹni tó rọ ọ́ kì í ṣe ẹhànnà rárá. Mo fẹ́ lọ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ onílé.

Libreville ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Mpongwe ló ni etí òkun yẹn kí àwọn Faransé tó wá tẹ ìlú dó sí i lọ́dún 1849 pẹ̀lú àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Elizia. Àwọn Fang kì í ṣe ará etí òkun. Láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, láti inú igbó, ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, abúlé kan á ṣí, èkejì á tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi dé tòsí òkun ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Eyín erin ni wọ́n ń gbé wá, rọ́bà tẹ̀ lé e nígbà tó yá. Iyọ̀, ìbọn àti wáyà idẹ ni wọ́n ń gbà padà. Ẹ má gbàgbé wáyà idẹ yìí o, a ṣì máa bá a pàdé.

Ọjà Mont-Bouët ló tóbi jù ní Libreville, ẹni tó bá sì rìn wọ àárín àwọn aláṣọ ibẹ̀ á gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ Kétu, Pobè àti Sakété wà níbẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Kétu fa àpótí fún mi kí n jókòó. Ọmọbìnrin kékeré ni nígbà tí ìjọba Omar Bongo lé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ jáde ní Gàbọ̀n lọ́dún 1978, nígbà tí ìjà wà láàárín Bongo àti Mathieu Kérékou, olórí Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ó dàgbà tán, ó padà wá, ó sì ń sọ èdè Fang bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un.

"Idà? Ṣé o fẹ́ rà á ni, ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá. Mo kàn fẹ́ rí i, kí n sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí o bá dé Oyem, má fi ọ̀rọ̀ rírà ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ. Àwọn tó ń rà á ti wọ ilé wọn títí, ó ti sú wọn. Kí wọn, jókòó, jẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún ẹ. Tí wọ́n bá ti rí i pé o kì í ṣe oníṣòwò, wọ́n á sọ̀rọ̀."

Òun náà ló fi mí lé awakọ̀ kan lọ́wọ́, ọmọ Fang láti ẹ̀yìn Oyem, tó ń gbọ́ Faransé dáadáa tó sì fẹ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀.

Kí a tó gbéra, mo yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, Musée National des Arts, Rites et Traditions du Gabon, tó wà létí òkun. Ohun tó máa ń gba ojú àlejò nínú irin àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe idà, ọ̀bẹ olórí ẹyẹ ni, èyí tí àwọn Kota ń pè ní musele, tí àwọn Fang ń pè ní onzil. Irin rẹ̀ gùn síwájú bí àgógó àtíòro, ihò kékeré onígun mẹ́ta wà níbi tí ojú ẹyẹ yẹ kó wà, ẹ̀gún irin kan sì yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ó ti gba gbogbo ìyìn. Idà kúkúrú kì í pariwo bíi tirẹ̀. Abẹ gbọọrọ tó fẹ̀ ní ìdí tó sì ṣóńṣó lẹ́nu, èèkù, àkọ̀, ó parí. Ó ń fẹ́ ẹni tí kò kánjú.

Ọ̀nà Libreville sí Oyem lé ní 500 kìlómítà. Ìdájí la kúrò nílé, a gba Ntoum, a gba Kango níbi tí odò Komo ti fẹ̀ lọ sínú omi òkun, igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di mọ́ wa lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó kó ìtì igi okoumé ń já bọ̀ lókè, awakọ̀ wa á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi kọjá. Ohun kan wà nípa ọ̀nà yìí tó wù mí: ó gba ìlà agbedeméjì ayé kọjá sí gúúsù kó tó dé Bifoun, nígbà tó bá sì kọjá Ndjolé tán, á tún gba orí ìlà kan náà padà sí àríwá. Ní Bifoun, ọ̀nà kan yà lọ sí Lambaréné, níbi tí dókítà Albert Schweitzer ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ́dún 1913. Tiwa yà sí Ndjolé, létí odò Ogooué.

Ndjolé yẹ fún ìdúró. Ibẹ̀ ni àwọn Faransé gbé Samory Touré, ọba ajagun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ́dún 1898, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1900. Samory yìí ní àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń wo ìbọn Faransé tí wọ́n sì ń rọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ń ṣe mí bákan láti rò ó pé ọkùnrin tó gbójú lé alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ parí ayé rẹ̀ ní ìgbèkùn láàárín àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ irin wọn ti dé London nínú ìwé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìwé náà ni ti arìnrìn-àjò kan, Paul du Chaillu. Ó rin igbó yìí láti ọdún 1856 sí 1859, ó sì tẹ Explorations and Adventures in Equatorial Africa jáde lọ́dún 1861. Ó ya àwọn jagunjagun Fang pẹ̀lú ọ̀kọ̀, àáké, idà àti asà tí wọ́n fi awọ erin ṣe. Ó ní wọ́n ń jẹ ènìyàn. Àwọn kan jà á níyàn ní London lórí ọ̀pọ̀ ohun tó kọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ jíjẹ ènìyàn yẹn ló lẹ̀ mọ́ àwọn òǹkàwé lọ́kàn, láti ìgbà náà ni ojú wọn kò sì ti rí idà Fang láìrí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn Fang máa ń tọ́jú egungun orí àwọn baba ńlá wọn sínú àpótí èèpo igi, wọ́n á gbẹ́ ère kan lé e lórí kó máa ṣọ́ ọ. Byeri ni wọ́n ń pè é. Àlejò tó bá rí egungun nínú ilé onílé tí kò sì bèèrè ìdí rẹ̀, ohun tó bá wù ú ló máa rò.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé du Chaillu kan náà yìí kọ ọ̀rọ̀ gidi nípa àwọn alágbẹ̀dẹ wọn. Ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta irin tó yọ sórí ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó o lé orí igi tí wọ́n tò jọ gègèrè, tí wọ́n á tún kó igi lé e, tí wọ́n á finá sí i, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí iná náà kú títí irin á fi yọ́. Irin tó bá jáde, wọ́n á tún máa fi iná gbóná, wọ́n á máa lù ú, wọ́n á tún gbé e padà síná, wọ́n á tún lù ú, títí á fi gbà bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó ní irin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ dára ju èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Yúróòpù lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Ẹni tó bá ka apá kan tí kò ka èkejì ló ṣe Fang ní aburú, irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù.

A kọjá Alembé, a dé Lalara. Níbẹ̀, ọ̀nà kan yà sọ́tùn-ún lọ sí Makokou, ní ìhà ibi tí àwọn òkè Bélinga wà, tí irin inú wọn pọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń du ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Irin kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ irin ní Gàbọ̀n tó ti lé ní 2,000 ọdún, ó sì ti pẹ́ kí àwọn Fang tó dé apá ibẹ̀. Ìlú Mitzic ló kàn, ibẹ̀ ni àwọn Fang ti ṣe ìpàdé ńlá lọ́dún 1947 láti tún ìdílé wọn tó ti fọ́nká so pọ̀ lẹ́yìn tí òyìnbó ti pín wọn sí abẹ́ ìjọba mẹ́ta. Oyem alára wà lábẹ́ Jámánì fún ìgbà díẹ̀ láti ọdún 1911, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dá a padà sọ́wọ́ Faransé.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Oyem, mo rí igi kòkó lẹ́bàá ọ̀nà, orí mi wú. Agbègbè Woleu-Ntem ni ilẹ̀ kòkó Gàbọ̀n, àwọn àgbẹ̀ Fang ló sì ń gbìn ín. Ilé onípákó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì lọ gbọọrọ, òrùlé páànù, èéfín ń jáde lẹ́yìn ilé níbi tí àwọn obìnrin ti ń dáná. Láàárín abúlé kọ̀ọ̀kan ni abaa wà, ilé tí kò ní ògiri tó ga, níbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n sì ń gba àlejò. Nígbà tí a dé abúlé awakọ̀ mi, abaa ni wọ́n mú wa lọ. "Mbolani," ni awakọ̀ mi kí gbogbo ilé, wọ́n dáhùn, wọ́n sì fi ibi tí n máa jókòó sí hàn mí.

Oúnjẹ kọ́kọ́ dé. Nnam ngwan ni, egúsí tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ata àti ẹja sí, tí wọ́n wé sínú ewé tí wọ́n sì sè bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín eléwé. Wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wé gbọọrọ nínú ewé tì í. Mo jẹ ẹ́ tán pátá. Baba awakọ̀ mi ń wò mí, inú rẹ̀ ń dùn. A sọ̀rọ̀ kòkó, iye tí wọ́n ń rà á lọ́dọ̀ tiwa àti lọ́dọ̀ tiwọn. A sọ̀rọ̀ ọmọ. Ọjọ́ kejì ni àgbà ilé náà, ẹ̀gbọ́n baba awakọ̀ mi, tí mo ń pè ní Bàbá, bá mi sọ̀rọ̀ idà, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó wọlé lọ, ó gbé e jáde nínú aṣọ tó ti gbó.

Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bó ṣe fúyẹ́ tó. Láti ìgúnpá mi dé orí ìka ni, ó fi díẹ̀ lé. Àkọ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n fi awọ awọ́nríwọ́n bò ó, ìpẹ́ awọ náà ṣì hàn kedere, ó dúdú, ó ń dán níbi tí ọwọ́ ti máa ń mú un. Èèkù rẹ̀ igi ni, àmọ́ igi náà kò fẹ́ẹ̀ hàn, nítorí wáyà idẹ ni wọ́n wé mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan ti èkejì tímọ́tímọ́, láìsí ibi tí wáyà gun ara wọn. Wáyà idẹ ọjọ́sí nìyẹn, èyí tí wọ́n fi eyín erin rà létí òkun. Ẹni tó wé e ti wọ̀n ọ́n dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀, torí ìparí wáyà náà wọ inú igi lábẹ́ ìmùdání gan-an, o kò ní fọwọ́ kàn án.

Bàbá fà á yọ. Abẹ náà lójú méjì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹnu, ó sì fẹ̀ ní ìdí. Láàárín rẹ̀, láti ìdí lọ síwájú, àwọn ìlà tó jìn díẹ̀ sínú irin sá tẹ̀ léra, wọ́n ń sún mọ́ra bí abẹ ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́, títí gbogbo wọn fi pàdé ní tòsí ẹnu. Mo fi ìka tọ ìlà kan. Kò sí ibi tó yà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà náà, wọ́n fi àmì kéékèèké gún ojú irin, tótótó, bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ náà kò fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ náà. Àwọn ìlà yìí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń mú kí abẹ fúyẹ́ láìsọ okun rẹ̀ nù. Àmọ́ iye wọn pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ yẹn béèrè lọ. Ẹwà ló kó ìyókù wá.

Mo bi Bàbá ta ló ń gbé irú idà yìí.

"Nkukuma," ló dáhùn, awakọ̀ mi, ọmọ àbúrò rẹ̀, sì túmọ̀: olórí ilé, ẹni tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tà láwùjọ. "Ọmọdé lè ní fa tó fi ń ṣán oko. Kò lè ní èyí. Baba bàbá mi máa ń gbé e kọ́ èjìká tó bá ń lọ sí abúlé àna. Tí ijó bá dé, á fà á yọ, á fi jó, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ó ti dé."

"Kò fi jagun rí ni, Bàbá?"

"Ó fi jagun. Ta ló ní òun ò jagun? Ṣùgbọ́n ìbọn àti ọ̀kọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹn. Tí o bá wo ibi tí idà yìí ti gbó, èèkù ni, kì í ṣe ẹnu."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ẹnu abẹ náà ṣì mú ní ibi púpọ̀, àmọ́ wáyà èèkù ti dán pẹlẹbẹ lápá kan níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń fi ara pa á láti ìran dé ìran. Ìwé tó bá fẹ́ sọ ìtàn idà yìí, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tún sọ ohun tí ìyá ọmọ Kétu ọjà Mont-Bouët kò sọ fún mi: idà kò dá wà. Irin ni ọrọ̀ àwọn baba wọn. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké wà tí wọ́n rọ bí orí ọ̀kọ̀, bikwele, tí wọ́n máa ń dì ní ìdì ìdì, òun ni wọ́n fi ń san nsua, owó orí ìyàwó. Òfin wọn kò gbà kí ọkùnrin fẹ́ ọmọ inú ìdílé baba rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀, nítorí náà irin ló ń rìn láti ìdílé dé ìdílé bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń lọ ilé ọkọ. Ẹni tó bá ní alágbẹ̀dẹ nílé ní ìyàwó lọ́jọ́ iwájú. Ẹ wo bí ìrántí irin yìí ṣe lágbára tó: lọ́dún 1975, nígbà tí Equatorial Guinea fẹ́ ní owó tirẹ̀, ekwele ni wọ́n pè é, orúkọ irin kan péré láti inú ìdì yẹn. Ọdún 1985 ni wọ́n pa owó náà tì, tí wọ́n gba owó CFA.

Günter Tessmann, ará Jámánì tí ìlú Lübeck rán wá sáàárín wọn láti ọdún 1907 sí 1909, kọ nípa ìyọrin yìí nínú ìwé rẹ̀ Die Pangwe, tó jáde lọ́dún 1913. Ẹwìrì onígi tí wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀, tí ẹnìkan á máa fi igi méjì tẹ̀ sókè sódò, èédú, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ obìnrin títí iṣẹ́ á fi parí. Ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ní Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ á mọ ibi tó wà. Ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ó yé wa: n kò rí ẹnikẹ́ni ní Oyem tó sọ pé òrìṣà kan ló ni irin. Àwọn baba tó wà nínú byeri ni wọ́n ń bẹ̀ kí irin má baà bàjẹ́ nínú iná. N kò fi Ògún sí ibi tí wọn kò fi í sí.

Lálẹ́, ẹnìkan ta mvett fún wa. Ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ gígùn ni, èèpo ara rẹ̀ ni wọ́n là gbé sókè di okùn, akèrègbè sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde. Ìtàn tí wọ́n ń fi í kọ ni ìjà àwọn ará Engong, tí ikú kì í pa, pẹ̀lú àwọn ará Oku, tí ikú ń pa tí wọ́n sì ń wá àṣírí àìkú. Akoma Mba ni olórí Engong. Irin pọ̀ nínú ìtàn yẹn, nínú ara àwọn akọni náà àti nínú ohun tí wọ́n ń jù lu ara wọn. Tsira Ndong Ndoutoume tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní ìwé lọ́dún 1970, àmọ́ ìwé kò lè gbé ìró agogo ẹsẹ̀ olórin náà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé bí gbogbo abaa ṣe ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá jókòó ti idà rẹ̀, ó ń mi orí.

Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé idà kan ṣoṣo ló kù nínú ilé yẹn? Ìdáhùn Bàbá kò gùn. Àdá òyìnbó dé, ó pọ̀, owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó lè fi ìwọ̀n rọ́bà díẹ̀ gba àdá kò ní wa òkúta irin mọ́, nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì wọlé, iná ìyọrin ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó orí ìyàwó bọ́ sí owó Faransé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ gé okoumé. Àwọn míṣọ́nnárì sọ byeri di ohun ìtìjú, wọ́n sun òmíràn, wọ́n kó òmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùrà dé, wọ́n ń ra ère, wọ́n ń ra idà, wọn kì í bèèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìyẹn ló mú kó jẹ́ pé nínú gbogbo gíláàsì tí mo ti dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀yà wà níbẹ̀, ọ̀rúndún wà níbẹ̀, orúkọ alágbẹ̀dẹ kò sí. Ó wà nílé Bàbá, nítorí ó sọ ọ́ fún mi láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, àti ti baba alágbẹ̀dẹ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ìdílé náà ló ni ín.

Oníṣòwò kan ti wá sílé wọn ṣáájú mi, ó sì fi owó tó pọ̀ lọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ fẹ́ kí wọ́n tà á, wọ́n ní owó ilé ìwé ni. N kò dá wọn lẹ́bi. Bàbá ní kí wọ́n pe gbogbo ìdílé, àwọn tó wà ní Libreville àti àwọn tó wà lókè odò ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Ìpinnu wọn ni pé ẹni tó bá tà á ti ta ohun tí kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Wọ́n jọ dá owó ilé ìwé náà jọ. Bàbá gbà kí n tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, kí n gbé idà náà lé e, kí n sì fi pẹ́ńsù yí i ká láti èèkù dé ẹnu, pẹ̀lú gbogbo ìlà àárín rẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo gbé dé Bitam, ìlú tó ṣáájú ẹnubodè ní àríwá. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ọjà níbẹ̀ tó ń fi súpúríńgì ọkọ̀ rọ àdá àti ọkọ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ti inú fáànù oníná jáde, owú rẹ̀ ni ti ọ̀nà àtijọ́. Mo na ìwé náà sí i. Ó nu ọwọ́ kó tó gbà á, ó sì wò ó pẹ́.

Ó ní kì í ṣe ìlà àárín ni ìṣòro. Irin tó ní ẹnu róbótó kan wà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí abẹ bá ṣì pupa, ó sì ní òun ní i, ó fi hàn mí. Ìṣòro ni kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ó dọ́gba. Ìlà tó wà lójú kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín méjì tó wà lójú kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin á là. "Ẹni tó ṣe èyí," ó wí, ó ń fi èékánná tọ ibi tí mo ya, "ó tẹ ojú kan tán, ó yí i padà, kò sì wo ojú àkọ́kọ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Mo bi í bóyá ó lè rọ irú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń múra ìgbéyàwó ti bi òun rí, pé wọ́n fẹ́ ohun tí bàbá ọkọ ìyàwó á gbé jó, àmọ́ àwòrán fóònù ni wọ́n ń mú wá, kò sì sí ẹni tó lè wọn nǹkan lórí fóònù. Ó bi mí bóyá òun lè fi ìwé náà sọ́dọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi nìkan. A pe Bàbá lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ ní èdè Fang, wọ́n kọ́kọ́ wá ìdílé ara wọn rí, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé orí idà. Bàbá gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí ó rọ àkọ́kọ́ fún ilé wọn ní Oyem, kí àwọn ọmọ tó fẹ́ tà á ní tiwọn. Wọ́n dúnàá dúrà owó iṣẹ́ lójú mi. Alágbẹ̀dẹ náà ní súpúríńgì ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ló máa ṣe é, ti ọkọ̀ kékeré kò ní nípọn tó, ó sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ wá a lọ́jà.